Ẹ̀wà Ìyàn Ojú Ewé Kẹtàdínláàádọ́ta

Bí ẹ bá fẹ́ rí ìjà obìnrin yìí, ẹ sọ fún un pé ó ṣi lẹ́tà kan tẹ̀. Ẹ lè sọ pé kò mọ aṣọ wọ̀, á rẹ́rìn-ín. Ẹ lè sọ pé ọbẹ̀ rẹ̀ kò níyọ̀, á ní iyọ̀ ń bẹ lórí tábìlì, kí ẹ lọ mú un. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹnu kan ìwé tó tẹ̀ ti tẹ ẹkùn nírù. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ló fi tẹ̀wé ní kóòtù kó tó fẹ̀yìn tì, adájọ́ mẹ́fà ló sì dé tó tún lọ níṣojú rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ló sọ ọ́ ní Aláìṣìtẹ̀. Orúkọ náà lẹ̀ mọ́ ọn títí àwọn aládùúgbò fi gbàgbé èyí tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́. Ọkọ rẹ̀, awakọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì, máa ń fi ṣẹ̀fẹ̀. Bí ìyàwó rẹ̀ bá ka ẹyin mẹ́fà ní márùn-ún, á ní, "Aláìṣìtẹ̀ mi, ẹyin yẹn ló ṣi ara rẹ̀ yé."

Nítorí náà, nígbà tí àwọn ará àdúgbò pinnu láti kó ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn àgbà jọ sínú ìwé kan, ọ̀rọ̀ nípa ohun tí wọ́n ń gbìn, bí wọ́n ṣe ń gbìn ín àti bí wọ́n ṣe ń sè é, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ kọrí sí. Ọ̀gá Àgbà, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, ló ń gbé rẹ́kọ́dà láti ilé dé ilé. Aláìṣìtẹ̀ ló ń fi etí sí i nílé, tó ń tẹ ohun tó bá gbọ́. Orí tábìlì ìjẹun ló ti ń ṣe é, ọkọ rẹ̀ sì fi odindi oṣù mẹ́jọ gbé àwo oúnjẹ lé itan.

Òfin kan ṣoṣo ni Ọ̀gá Àgbà fún un. Ó fi bírò pupa kọ ọ́ sí iwájú ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ pé: ohun tí ẹ bá gbọ́ ni kí ẹ tẹ̀, ohun tí ẹ kò bá gbọ́, ẹ fi àyè sílẹ̀, kí ẹ lọ béèrè. Òfin náà ní ìdí. Àwọn àgbà kì í fi ẹnu nìkan sọ̀rọ̀ oko. Wọ́n á ní, "Kòtò yẹn á jìn tó báyìí," wọ́n á sì fi ọwọ́ wọn orúnkún, bẹ́ẹ̀ rẹ́kọ́dà kò lójú. Ibikíbi tí "báyìí" bá ti jáde nínú tépù, Aláìṣìtẹ̀ á fi àyè sílẹ̀, á ki ẹsẹ̀ bọ sálúbàtà, ó di ilé ẹni tó sọ ọ́. "Ẹ jọ̀ọ́, báyìí yẹn, báwo ni?" Ó lọ títí àwọn àgbà fi ń rí i lọ́ọ̀ọ́kán tí wọ́n á ní, "Oníbáyìí ti dé o." Ẹ̀ẹ̀mọ́kànlélógójì ló lọ. Ibi tó yẹ kó lọ jẹ́ méjìlélógójì.

Ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ ṣàjọyọ̀ ìwé náà, ó jí ní kùtùkùtù, ó wọ aṣọ tuntun, ó sì mú ẹ̀dà ìwé kan kúrò nínú páálí. Agogo méjìlá ọ̀sán ni àjọyọ̀, ní gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́. Ṣùgbọ́n ẹnì kan wà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò lè gbé e dé ibẹ̀, ìyẹn Ìyá Etí-Oko. Ìyá yìí ti lé lọ́gọ́rin ọdún, orí òkè ló ń gbé, ní ilé tó gbẹ̀yìn kí ilé tó tán kí oko tó bẹ̀rẹ̀. Aláìṣìtẹ̀ ní kò bójú mu kí wọ́n máa ka ọ̀rọ̀ ìyá arúgbó fún gbogbo ayé kí ìyá fúnra rẹ̀ má gbọ́ ọ. Ká sọ òótọ́, ó tún fẹ́ kí ẹnì kan yìn ín kí àjọyọ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Bí ó ṣe gun òkè náà tán, aago mẹ́wàá ti kọjá, orúnkún rẹ̀ sì ń bú u.

Yàrá Ìyá Etí-Oko kò ju kí èèyàn méjì jókòó kí orúnkún wọn kanra lọ. Ìgò irúgbìn to lójú fèrèsé, a fi bébà dí ẹnu ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìyá gba ìwé, ó fi ọwọ́ pa á lójú bí ìgbà tí èèyàn ń pa ọmọ lórí, ó sì dá a padà.

"Kà á fún mi. Má kà á bíi ti kóòtù o, kà á kó yé mi."

Aláìṣìtẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó ṣí ojú ewé kẹtàdínláàádọ́ta, níbi tí ìyá ti sọ ti ẹ̀wà ìyàn. Ẹ̀wà yìí kì í ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni ń gbìn. Òun fúnra rẹ̀ ló ń hù lára ọgbà, ó dúdú, ó rí pẹrẹsẹ, ewúrẹ́ pàápàá kì í bù ú jẹ. Ọdún tí òjò kọ̀ tí kò rọ̀, tí ebi fẹ́ run gbogbo èèyàn, òun ni àwọn tó gbọ́n fi gba ẹ̀mí ara wọn là. Ó kà á dáadáa. Ìyá ń mi orí sí i, ó ń sọ pé, "Ẹ̀n, bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ gan-an ni." Ó wá dé ìlà kẹsàn-án.

"'Tó bá ti hó, wàá rò ó lẹ́ẹ̀mẹta, kó o tó wá fi iyọ̀ sí i.'"

"Dúró ná. Wàá kí ni?"

"Wàá rò ó, Mà. Lẹ́ẹ̀mẹta."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ẹ̀yin náà ni, Mà."

"Èmi kọ́." Ìyá gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ká ìka wọn bí ẹni tó fi aṣọ di ìkòkò gbígbóná mú. Ó dẹ ìkòkò tí kò sí níbẹ̀ náà sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó sì dúró díẹ̀ kí ohun tó wà nínú rẹ̀ lè ṣàn tán. "Báyìí ni mo ṣe fún Ọ̀gá Àgbà. Ó ń wò mí. Inú omi yẹn ni oró ẹ̀ wà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wàá dà á nù, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wàá bu omi tuntun sí i. Ta ní í ro ẹ̀wà? Ṣé ẹ̀kọ ni?"

Aláìṣìtẹ̀ tún wo ìlà náà. Ó rántí. Kì í ṣe pé ó gbàgbé rí, ó kàn fi pamọ́ fún ara rẹ̀ ni. Nínú tépù, ohun tí ìyá sọ ni pé, "Tó bá ti hó, wàá ṣe é báyìí. Ẹ̀ẹ̀mẹta nìyẹn. Kó o tó wá fi iyọ̀ sí i." Ọjọ́ kejì ni ilé ìtẹ̀wé fẹ́ gba iṣẹ́, orúnkún rẹ̀ wú, òkè yìí sì wà lọ́kàn rẹ̀ bí ìyà. Ó bi ara rẹ̀ pé, kí ni èèyàn tún ń ṣe sí ìkòkò tó bá ń hó, bí kò ṣe kó rò ó? Ó tẹ "rò ó", ó lọ sùn.

"Mà, bí èèyàn ò bá da omi yẹn nù ńkọ́?"

Ìyá Etí-Oko kọjú sí àwọn ìgò irúgbìn rẹ̀.

"Ilé kan wà lẹ́yìn tiwa lọ́dún yẹn. Ebi ò jẹ́ kí wọ́n lè ní sùúrù. Àwọn márààrún jẹ ẹ́ lálẹ́. Ẹni méjì ló jí."

"Ẹ ò sọ ìyẹn sínú tépù, Mà."

"Ṣé ohun tí mo fẹ́ máa gbọ́ lẹ́nu ara mi nìyẹn?"

Aláìṣìtẹ̀ ti dìde. Igba ẹ̀dà ni wọ́n tẹ̀, ìyókù wà nínú páálí ní gbọ̀ngàn, wọn á sì pín in fún èèyàn lónìí. Èyí tó burú jùyẹn lọ ni pé, ìgbìmọ̀ ti ní kí wọ́n se oúnjẹ márùn-ún látinú ìwé náà fún àwọn àlejò, kí ẹnu wọn lè gbọ́ ohun tí ojú wọn ń kà. Ẹ̀wà ìyàn jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ìyàwó ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo ló ń sè é.

Ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá ara wọn sọ lórí fóònù lánàá wá ń ró gbọnmọ-gbọnmọ lọ́kàn rẹ̀.

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́, nípa ẹ̀wà ìyàn yìí. Mo gbé díẹ̀ kaná láti fi dán an wò, omi rẹ̀ dúdú, ó ń rùn. Ṣé kì í ṣe pé ó yẹ ká da omi yẹn nù?"

"Kí ni ìwé wí?"

"Ìwé ní ká rò ó ni, Mà."

"Ṣé ìwé ní kó o da nǹkan kan nù?"

"Rárá, Mà. Àmọ́..."

"Kò sí àmọ́ níbẹ̀. Ohun tí mo tẹ̀ ni kó o ṣe. Má fi kún un, má yọ kúrò níbẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, àgbà á sọ̀rọ̀ tán, ẹ tún fẹ́ tún un sọ."

"Ó dáa, Mà. Ẹ má bínú."

Ìyẹn ni àná. Inú rẹ̀ tilẹ̀ dùn nígbà tó gbé fóònù sílẹ̀. Ó sọ fún ọkọ rẹ̀ pé òun ti fi ìyàwó sí àyè rẹ̀. Báyìí, ó ń pe nọ́ńbà kan náà bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè, fóònù ń dún, kò sẹ́ni tó gbé e. Ó tún un pè. Ó pe Ọ̀gá Àgbà, ti ìyẹn kò tilẹ̀ wọlé. Ó pe ọkọ rẹ̀, ó sì rántí láàárín ìpè náà pé orí ibùsùn ni ọkùnrin yẹn fi fóònù sí ní àárọ̀, tí ó ń sọ pé àlejò ló ń lọ gbà, kì í ṣe ìpè.

Ó bọ́ sálúbàtà, ó fi í sábẹ́ apá. Obìnrin ọgọ́ta ọdún ó lé ọ̀kan, tó wọ aṣọ tuntun, tó ń fi ẹsẹ̀ lásán sáré lójú títì. Àwọn èèyàn ń kí i kú oríire ìwé, kò dáhùn. Ẹ̀rù ń bà á débi pé ó ń sọ̀rọ̀ sókè. "Ẹni méjì ló jí," ló ń sọ. Aránbàtà kan tó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ títì bi í pé, "Ta ló jí nǹkan, Màmá?" kò dúró láti ṣàlàyé. Àwọn èèyàn mélòó ni wọ́n pè? Àádọ́jọ. Ìyàwó ọmọ rẹ̀ á ti tọ́ ọ wò. Kò sẹ́ni tí í se oúnjẹ tí kì í tọ́ ọ wò.

Bó ṣe ta gìyàn wọ ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn, gbogbo àga ti kún. Wọ́n ti gbé tíréè káàkiri, kọ́ọ̀pù kéékèèké to sórí wọn, ẹ̀wà dúdú sì wà nínú kọ́ọ̀pù. Ẹsẹ̀ gìrìgìrì nílé ańjọ̀fẹ́: àwọn tí kò fún ìwé náà ní ìdajì wákàtí láti ọjọ́ tó ti bẹ̀rẹ̀ ló jókòó síwájú. Ọkọ rẹ̀ wà ní ìlà kejì nínú aṣọ funfun, ó gbé ṣíbí sókè, ẹnu rẹ̀ ti là.

Aláìṣìtẹ̀ gbá a lọ́wọ́. Ṣíbí fò, kọ́ọ̀pù dà sí i láyà.

"Kí ló dé? Ẹnu ni mo fẹ́ fi kàn án!"

"Ṣé o ti jẹ níbẹ̀?"

"Nígbà tí o ò jẹ́ kí n jẹ!"

"Àwọn tó kù ńkọ́?"

"Wọ́n ní ká dúró de àdúrà," ni ọkọ rẹ̀ wí, ó ń gbọn ẹ̀wà kúrò láyà. "Èmi nìkan ni n kò lè dúró."

Àwọn tó jókòó nítòsí ń wò wọ́n. Ẹnì kan ní ìjà tọkọtaya kì í mọ ibi tí í ti í bẹ̀rẹ̀. Kò gbọ́ ọ. Ó ti gba ẹ̀gbẹ́ gbọ̀ngàn kọjá lọ sí ilé ìdáná tó wà lẹ́yìn.

Ìyàwó ọmọ rẹ̀ ń nu ìkòkò. Bó ṣe rí ìyá ọkọ rẹ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀ lásán àti òógùn lójú, ó fi aṣọ ìnukòkò sílẹ̀, ó fà sẹ́yìn títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi kan ògiri.

"Màámi, ẹ má bínú. Mo mọ̀ pé ẹ ti gbọ́."

"Mo gbọ́ kí ni?"

"Pé mo da omi ẹ̀ nù. Ẹ̀ẹ̀mẹta. Ọkàn mi ò kàn gbà á, Mà. Nígbà tí mo rí àwọ̀ omi yẹn, ọwọ́ mi kọ̀ láti rò ó. Mo ti ní tí ẹ bá bi mí, màá sọ pé bí ìwé ṣe wí ni mo ṣe é. N kì í ṣe òpùrọ́ o, Mà. Ẹ̀rù yín ló bà mí."

Àpótí kan wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn tí wọ́n fi ń di tòmátò. Aláìṣìtẹ̀ jókòó lé e. Ẹnikẹ́ni kò ní kú lónìí. Ó sọ ọ́ nínú ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ìyàwó ṣì dúró ti ògiri, ó ń dúró de èébú.

"Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

"Mo sọ fún yín, Mà. Lánàá."

Aláìṣìtẹ̀ wo ilẹ̀. Ní ibi tó jókòó sí yẹn, èrò kan dé bá a tó dùn bí oyin: kò sẹ́ni tó mọ̀. Ìkòkò ti bọ́ lọ́wọ́ ewu. Ìyá Etí-Oko kì í sọ̀ kalẹ̀ wá sí ìsàlẹ̀. Ìyàwó á dákẹ́ bí wọ́n bá ní kó dákẹ́. Bí wọ́n bá máa tún ìwé náà tẹ̀, a ó yí ọ̀rọ̀ méjì padà, ó parí. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú ẹ̀yin tó ń ka ìtàn yìí á sọ pé àwọn kò ní ro irú èrò bẹ́ẹ̀ láéláé. Ó dáa, a ti gbọ́.

Ó padà sí gbọ̀ngàn. Wọ́n ti ń pín ìwé. Obìnrin kan tó gbé ọmọ sẹ́yìn ti ṣí tirẹ̀, ó ń fi ọwọ́ tọ́ka, ó ń sọ fún èkejì rẹ̀ pé, "Wò ó, ẹ̀wà yìí kún ara ọgbà mi! Mo rò pé koríko lásán ni. Lọ́jọ́ Àìkú, màá se ìkòkò kan fún wọn nílé." Èkejì rẹ̀ ní kó má gbàgbé òun.

Aláìṣìtẹ̀ wá Ọ̀gá Àgbà kàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó fà á sí kọ̀rọ̀, ó sì sọ ọ́ fún un láìfi ọ̀kan pe méjì. Ọkùnrin náà bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ń nù ún, ó ń nù ún, bẹ́ẹ̀ kò dọ̀tí.

"Ta ló mọ̀?"

"Èmi, Ìyá Etí-Oko àti ìyàwó ọmọ mi."

"Ẹ jẹ́ ká parí tòní ná. Ẹ wo àwọn tó jókòó síwájú. Oṣù mẹ́jọ la fi ń sọ fún wọn pé ìwé yìí ò ní àbùkù. Tá a bá máa tún un tẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀..."

"Ẹnì kan ti ní ọjọ́ Àìkú lòun máa sè é."

"Ẹ̀yin náà ẹ rò ó. Orúkọ yín ló wà lójú ìwé. Àwọn èèyàn ò ní gbàgbé."

"A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá, Ọ̀gá."

Ọ̀gá Àgbà dá awò padà sójú. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti relẹ̀. "Mo wà níbẹ̀. Mo rí ọwọ́ ìyá yẹn, ojú mi ló ṣe é. N ò ka ohun tí ẹ tẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ tẹ̀ ẹ́, torí pé ẹ̀yin lẹ tẹ̀ ẹ́."

Ẹnì kan ti ń pè é láti orí pèpéle pé àsìkò ń lọ. Ó lọ. Kò sọ bẹ́ẹ̀ ni, kò sọ bẹ́ẹ̀ kọ́. Àdúrà parí. Ó kí àwọn àlejò, ó kí àwọn àgbà. Ó wá gbé bébà kan tó ti kọ sílẹ̀ ní ọjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn sókè, ó sì kà á bó ṣe wà: "Ẹ bá mi pàtẹ́wọ́ fún obìnrin tó fi oṣù mẹ́jọ gbọ́ ọ̀rọ̀ àwọn àgbà wa, obìnrin tí kì í ṣì í tẹ̀!" Àtẹ́wọ́ sọ lálá. Ọkọ rẹ̀ tilẹ̀ dìde, pẹ̀lú àbàwọ́n ẹ̀wà láyà rẹ̀.

Aláìṣìtẹ̀ gun pèpéle. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì wà lásán. Ó di ẹ̀rọ gbohùngbohùn mú, ó sì ń gbọ́ èémí ara rẹ̀ nínú rẹ̀.

"Mo ṣì í tẹ̀," ó ní.

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n rò pé ìrẹ̀lẹ̀ ni. Àgbà kan ní ìlà iwájú pàtẹ́wọ́ fún un pé ó mọ̀wà hù.

"N ò ṣeré. Ẹ ṣí ojú ewé kẹtàdínláàádọ́ta. Ìlà kẹsàn-án. Ó ní kí ẹ rò ó lẹ́ẹ̀mẹta. Irọ́ ni. Ìyá Etí-Oko ò sọ bẹ́ẹ̀, èmi ni mo sọ ọ́ sí i lẹ́nu. Ọwọ́ ni ìyá fi sọ ọ́, n ò sì lọ béèrè, torí orúnkún ń dùn mí." Ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó dẹ ìkòkò bí ìyá ti dẹ ẹ́. "Ẹ máa dà á nù. Lẹ́ẹ̀mẹta. Oró ló wà nínú omi yẹn. Àwọn márùn-ún kan jẹ ẹ́ lọ́dún ìyàn láìdà á nù. Ẹni méjì ló jí."

Ariwo bẹ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọkùnrin kan tu èyí tó wà lẹ́nu rẹ̀ sínú aṣọ ìnujú. Obìnrin tó gbé ọmọ sẹ́yìn yẹn di ìwé mú láyà, ó ń pe orúkọ Ọlọ́run. Àwọn kan ti ń ti kọ́ọ̀pù sẹ́yìn bí ẹni pé yóò bù wọ́n jẹ. Ọ̀gá Àgbà wá, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sì sọ sínú ẹ̀rọ náà pé ẹjọ́ òun náà ni, kí gbogbo èèyàn yọ bírò. Igba ìwé, wọ́n fa ìlà sí "rò ó", wọ́n kọ "dà á nù" sókè rẹ̀. Àwọn tí kò ní bírò yá ti ẹnì kejì. Ó gba àkókò, kò sì sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Aláìṣìtẹ̀ ń wò wọ́n. Ó ń gbọ́ ìró bírò lórí ìwé rẹ̀, ó sì ń dùn ún, ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni tàn yín pé kò dùn ún.

Nígbà tí ariwo rọlẹ̀, ó tún sọ̀rọ̀.

"Ẹ̀wà tó wà níwájú yín kò lóró. Ìyàwó ọmọ mi ló sè é. Ó pè mí lánàá, ó bi mí léèrè, mo sì ní kó panu mọ́, kó ṣe ohun tí mo tẹ̀. Kò gbọ́ tèmi. Ó dà á nù."

"Ta ló rí i nígbà tó ń dà á?" Ohùn kan láti ẹ̀yìn ni.

Gbogbo orí yí sí ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná. Ọmọbìnrin náà dúró síbẹ̀ pẹ̀lú aṣọ ìdáná lára, ọwọ́ rẹ̀ tutù fún omi.

"Èmi nìkan ni mo wà níbẹ̀," ó ní.

Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan kọ́ọ̀pù. Wọn kò bá a wí, wọn kò pè é ní òpùrọ́. Wọ́n kàn ń wo ẹ̀wà náà, wọ́n sì ń wo ilẹ̀. Àárọ̀ kùtù ló ti dúró ti iná, ọgọ́jọ kọ́ọ̀pù ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ bù, ó sì ń wo ẹ̀wà náà báyìí bó ṣe ń tutù.

Aláìṣìtẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Ó gbé kọ́ọ̀pù kan lórí tíréè tó sún mọ́ ọn, kò wá ṣíbí. Ó fi ìka mẹ́ta bu ẹ̀wà náà, ó jẹ ẹ́. Ó tún bu, ó tún jẹ. Ọkọ rẹ̀ dìde. Gbogbo gbọ̀ngàn ń wo ọ̀fun rẹ̀ bó ṣe ń gbé e mì. Ó jẹ ẹ́ títí ó fi ń fi ìka ha ìdí kọ́ọ̀pù, ó lá ìka náà, ó sì rìn lọ sí ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná.

Ó na kọ́ọ̀pù òfìfo náà sí ìyàwó ọmọ rẹ̀.

"Ó dùn," ó ní. "Ìyá mi, ẹ bá mi bù sí i."